Àánú Ewé

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Òkè-Ẹrin, ẹ óò gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ fún òbí tó ń kẹ́ ọmọ rẹ̀ ní àkẹ́bàjẹ́ pé, "Àánú ewé ló fọ́ sàárè." Kí ló pa ewé pọ̀ mọ́ sàárè? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, torí àwọn tó ń pa á lówe láìmọ ìdí rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Bàbá kan ládùúgbò wa tó ń jẹ́ Ọláníhùn ló ni ọ̀rọ̀ náà. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló mú ọmọ igi tí wọ́n ń pè ní yukalíptọ́sì wá láti Jọ́ọ̀sì, tó gbìn ín síwájú ilé fún ẹwà. Ewé rẹ̀ rí roboto, ó funfun bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á, òórùn rẹ̀ sì ń ṣí imú bíi róòbù. Ṣùgbọ́n igi tó lè ga ju ilé ni. Àdá ni kì í jẹ́ kó ga. Lọ́dọọdún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, Àwẹ̀ró á gé e dé orúnkún, igi náà á sì tún rúwé. Ọkọ rẹ̀ a máa bá a jà pé ìkà ni. Obìnrin náà á kàn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó pe ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá Mojí, tí mo bá lọ, ẹ máa gé igi yẹn lọ́dọọdún. Ẹ má ṣàánú rẹ̀ o."

Bàbá ní òun gbọ́.

Ojúde ni wọ́n sin ín sí, bí àṣà wa, igi náà wà níbi orí rẹ̀, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ sàárè náà dán. Ẹ̀rùn dé, bàbá pọ́n àdá, ó dé ìdí igi, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Lójú tirẹ̀, ohun tí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń kí igi náà pé, "Àwẹ̀ró, ṣé o jí?", á fọwọ́ ra ewé, á gbóòórùn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́.

Nígbà tó di ọdún kẹta, igi ti ga ju òrùlé. Ewé roboto, tó jẹ́ pé igi tí wọ́n bá ń gé ló ń yọ ọ́, ti wábi gbà. Ewé gígùn tín-ínrín ló kù, lókè téńté, ọwọ́ bàbá ò tó o mọ́. Mojírọ́lá ọmọ rẹ̀ wálé, ó rí i pé sìmẹ́ńtì sàárè ti ń là, ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n gé igi náà. Bàbá ní ẹni tó bá fàdá kàn án, Àwẹ̀ró ló ṣá. Ọmọ náà sunkún padà.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà bá ìjì wá. Ìjì fa igi tu. Gbòǹgbò tó ti wọ abẹ́ sàárè gbé sìmẹ́ńtì dìde, pósí sì hàn síta lọ́sàn-án gangan. Àwọn aládùúgbò bojú.

Wọ́n sin Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í gbàdúrà láti rí. Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ òun. Nígbà tó bo ilẹ̀ tán, àgbàlagbà ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, o kìlọ̀ fún mi. Àánú ewé ni mo ṣe, mo fi fọ́ sàárè rẹ. Dárí jì mí."

Ẹnu àwọn tó dúró níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀. Títí dòní, bí àgbà Òkè-Ẹrin bá rí ọ tí ò ń gbèjà ọmọ tó yẹ kí o bá wí, kò ní bá ọ jà. Á kàn sọ fún ọ pé àánú ewé ló fọ́ sàárè.