Eyín Káfíńtà

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni, òrùlé ló ń kàn. Ó ní èjí lẹ́nu, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í fi bò pé èjí yẹn lòun rí tí òun fi gbà láti fẹ́ ẹ. Nígbà tó lé ní ọgọ́ta ọdún, eyín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjí náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àgbà tó ṣì ń gun òrùlé kì í fẹ́ kí aráyé mọ̀ pé eyín òun ń mì.

Inú ń run ún, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú kí aláìsàn sùn, kó sì ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè máa mí. Ọwọ́ rẹ̀ yá, gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín. Lọ́jọ́ yẹn rọ́bà kọ̀, kò wọlé. Ó fi irin la ẹnu ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, kó tó wọlé. Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbàgbé.

Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n ní òtútù ni, wọ́n fún un lóògùn. Nígbà tó délé, wọ́n ní eruku pákó ni, wọ́n tún fún un ní òmíràn. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ikọ́ kò lọ, kò sì lè gun àkàbà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ á gbé ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, á jókòó tì í, ẹ̀rù á máa bà á pé ọkọ òun ń lọ.

Láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ọkùnrin yìí kò rẹ́rìn-ín, torí ojú abẹ ń dùn ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ wọn jẹ ìwé tí wọ́n kọ oògùn sí, ni ọkùnrin náà bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ wo ẹnu rẹ̀.

“Bàbá Tinúkẹ́, èjí yín ti di ẹnu ọ̀nà. Eyín yín dà?”

Ó ní òun mọ̀ pé ó ti bọ́ láti ìgbà tí òun ti jí lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ojú ló ti òun.

Eyín ọmọdé tó bá bọ́, orí òrùlé là ń jù ú sí. Obìnrin yìí ní eyín tí òun torí rẹ̀ wọlé ọkọ kò ní ṣòfò sí ààtàn ọsibítù. Ó lọ bá dókítà tó mú ọkọ rẹ̀ sùn. Kì í ṣe ìjà ló bá lọ.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, eyín ọkọ mi ni mo wá gbà.”

Wọ́n wá a, kò sẹ́ni tó rí i. Dókítà fẹ́ sọ pé bóyá ó gbé e mì ni. Ló bá rántí rọ́bà tó kọ̀.

“Ìyá, ọjọ́ wo ni ikọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀?”

“Ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni.”

Dókítà jókòó. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án. Bó bá dákẹ́, eruku pákó ni yóò ru ẹ̀bi náà títí wọn yóò fi sin ọkùnrin yẹn.

“Ẹ lọ mú un wá,” ló wí. “Ó jọ pé ọwọ́ mi ló ṣe é.”

Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Eyín náà wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ó jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n gba ọ̀fun yọ ọ́. Dókítà fi òwú wé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún obìnrin náà, ó ní kó forí ji òun. Nígbà tí èémí káfíńtà padà bọ̀ sípò, òun fúnra rẹ̀ ló gun àkàbà lọ jù ú sórí òrùlé. Ìyàwó rẹ̀ di àkàbà mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ọmọ mi, obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin ń wúkọ́ láti àná. Mo gbọ́ tí o ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lè jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun lọ́jọ́ Ajé, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tó kọ̀ tí kò wọlé. Má bi ọyẹ́, bi ọwọ́ rẹ. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún, n kò tíì rí ọwọ́ tí kì í ṣìṣe. Dìde, ká lọ ka eyín rẹ̀. Mo ń bá ọ lọ.