Lẹ́tà Kan Lára Ẹ̀rọ Omi

Ọkùnrin kan wà, ará Ìkìrun, Láníhùn ni orúkọ rẹ̀. Ó kàwé dé ìwọ̀n, ó sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Nígbà tí iṣẹ́ kò rọgbọ nílé, ó kọjá sí Ítálì.

Nígbà tí ó débẹ̀, ó bá àwọn ará ilé wa kan gbé yàrá. Ó bi wọ́n pé báwo ni èdè ibẹ̀ ṣe le tó. Wọ́n ní kò le. Wọ́n ní àwọn ará Yúróòpù fẹ́ràn láti máa gé ọ̀rọ̀ kúrú: lẹ́tà kan tàbí méjì ni wọ́n ń kọ sára ilé, sára ọkọ̀, sínú ìwé. Ẹni tí ó bá ti mọ ìwọ̀nyẹn, tí ó mọ ènìyàn kí, tí ó sì lè sọ pé “Sí, sí”, èyí tí í ṣe “bẹ́ẹ̀ ni” ní èdè wọn, iṣẹ́ ti dé ọwọ́ rẹ̀ tán.

Ìmọ̀ràn náà dùn mọ́ Láníhùn. Ó kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ àgékúrú. Ó mọ èyí tí í ṣe òpópónà, ó mọ èyí tí í ṣe ọ̀gbẹ́ni, ó mọ èyí tí í ṣe “àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ”. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní kíkún, kò sì béèrè. Tí ẹnikẹ́ni bá bá a sọ̀rọ̀, á fetí mú ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, á fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ parí ìyókù, á sì ní, “Sí, sí.” Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń bọ́ sí i.

Báyìí ni ó ṣe rí iṣẹ́. Obìnrin kan ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú bàbá rẹ̀. Bàbá náà, Ettore, ti darúgbó, àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti mú un. Ó ń sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ sì ń mọ ìrora, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹsẹ̀. Obìnrin náà bi Láníhùn pé ṣé ó gbọ́ èdè àwọn. Ó ní, “Sí, sí.”

Ọjọ́ kejì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ooru mú gan-an. Bàbá tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tọ́ka sí balùwẹ̀, ó sì fi ọwọ́ fẹ́ ara rẹ̀. Ó yé Láníhùn pé omi tútù ni bàbá fẹ́ kí òun dà sí ẹsẹ̀ òun. Ó gbé e jókòó sórí àga, ó sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ inú ọpọ́n ìwẹ̀. Ẹ̀rọ omi méjì wà lára ògiri, níbi tí ọwọ́ bàbá kò lè dé. Wọ́n kọ F sára ọ̀kan, wọ́n kọ C sára èkejì. Láníhùn rẹ́rìn-ín músẹ́. Àgékúrú nìyí. Lẹ́tà C ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe tútù. Ó ṣí C.

Àmọ́ ní Ítálì, lẹ́tà C yẹn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe gbígbóná.

Omi tí ó ti dúró sínú páìpù ni ó kọ́kọ́ jáde, ó sì tutù. Láníhùn fi ọwọ́ kàn án, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó jáde lọ sá aṣọ sí ẹ̀yìn ilé. Kò pẹ́ tí bàbá fi ké pé, “Skọ́ta! Skọ́ta!” Ìyẹn ni pé, ó ń jó mi. Ọ̀rọ̀ náà kò sí lára èyí tí Láníhùn kọ́. Ó rò pé bàbá ń béèrè aṣọ ìnura. Ó dáhùn láti ìta pé, “Sí, sí!” Bàbá tún ké. Ó tún dáhùn, ó sì ń sá aṣọ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí igbe náà di ẹkún ni ó tó sáré wọlé. Ooru omi ti bo gbogbo balùwẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá ti bó.

Aládùúgbò kan ni ó pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Nígbà tí ọmọbìnrin bàbá dé, ó dojú kọ Láníhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

“Bàbá mi pariwo, gbogbo àdúgbò gbọ́. Ìwọ náà gbọ́, o tilẹ̀ ń dá a lóhùn! Irú ènìyàn wo ni ìwọ?”

Ó ní ọlọ́pàá ni òun máa pè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọlọ́pàá ni ó ń da Láníhùn láàmú. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé bàbá ké pe òun, òun jẹ́ ẹ, síbẹ̀ òun kò ràn án lọ́wọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì rò pé ó ṣubú ni, ó sáré wá gbé e dìde. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ tìbínú-tìbínú.

“Kí ni mo sọ fún ọ nígbà tí omi ń jó mi?”

“N kò mọ̀, Bàbá.”

“Kí ló dé tí o fi ní bẹ́ẹ̀ ni?”

Láníhùn ní, “Ojú ń tì mí, Bàbá. N kò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò gbọ́ èdè yín. Mo rò pé ẹ máa lé mi.”

Bàbá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Ìka méjì kò sí níbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, òun fi ilé sílẹ̀ lọ wa èédú ní Bẹ́ljíọ̀mù. Èdè Faransé ni ọ̀gá àwọn ń sọ. Òun kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó bá sọ, òun á ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní kí òun má fọwọ́ kan ẹ̀rọ kan. Òun ní bẹ́ẹ̀ ni, òun sì fọwọ́ kàn án.

Ohùn ọmọbìnrin náà rọlẹ̀ bí ó ti ń túmọ̀ èyí. Jàǹbá ibi iṣẹ́ lásán ni bàbá rẹ̀ ti máa ń pè é fún un.

Bàbá ní, “Jẹ́ kí ó padà wá. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò kọ́kọ́ kọ́ lẹ́nu mi ni ‘Kò yé mi.’ Kò gbọdọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni fún mi mọ́, àfi tí ó bá lè tún ọ̀rọ̀ mi sọ fún mi.”

Kò wu ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà, ó sì bẹ aládùúgbò kí ó máa yọjú sí wọn. Ẹsẹ̀ bàbá pẹ́ kí ó tó jinná, àpá rẹ̀ kò sì parẹ́. Láníhùn ni ó ń fọ egbò náà. Láti àárọ̀ dé alẹ́, “Kò yé mi” ni ènìyàn á máa gbọ́ nínú ilé yẹn. Nígbà mìíràn inú a bí bàbá, a ní orí Láníhùn le bí òkúta. Láníhùn a ní ìyẹn náà kò yé òun, kí wọ́n tún un sọ. Díẹ̀díẹ̀, èdè náà wọ̀ ọ́ létí.

Lẹ́yìn tí bàbá kú, iṣẹ́ gbé Láníhùn lọ sí Jámánì. Èdè mìíràn, àgékúrú mìíràn. Ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì tí ó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi ẹ̀rọ kan hàn án tí wọ́n kọ lẹ́tà sára bọ́tìnnì rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà fún òun ní kíkún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó sì tún béèrè. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ gbogbo èyí fún mi.

Dìran, ìdí tí mo fi ránṣẹ́ pè ọ́ nìyí. Má rò pé àwọn ará òkè òkun nìkan ni mo ń bá wí. Ìwọ àti ìyàwó rẹ, Yorùbá ni ẹ jọ ń sọ. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ní òun fẹ́ lọ sílé ìyá òun. O kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. O ní o ti mọ̀ pé ó fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, o sì kó ẹrù rẹ̀ síta. Gbólóhùn kan ni o gbọ́. Ìbẹ̀rù inú rẹ ni ó parí ìyókù fún ọ.

Ojú ìyá rẹ̀ ti fọ́, Dìran. Kò sí ẹni tí ń se oúnjẹ fún un. Ìyàwó rẹ sọ fún mi pé òun fẹ́ bi ọ́ bóyá kí òun lọ mú un wá sí ilé rẹ.

Ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ báyìí. Dìde, lọ bá a. Bí o bá débẹ̀, má ṣàlàyé, má tíì bẹ̀bẹ̀. Jókòó, kí o sì ní kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.