Ohun Tí Ojú Fadérera Mọ̀

Ohun tí ojú mọ̀, ọwọ́ lè má mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa là ń pa òwe yìí ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Bí ẹ bá ní àwọn baba ńlá wa ló ni ín, irọ́ ni. Ẹni tó ni òwe náà ṣì wà láàyè, ojúlé kẹta sí tiwa ló ń gbé, mo sì mọ̀ pé ì bá wù ú kó má ni ín.

Fadérera ni, ọmọ ìyá tó ń ṣe epo pupa. Ní yunifásítì tó wà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń bá a fínra: ìṣirò tí wọ́n ń pè ní dífẹrẹ́ńṣà, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí omi gbígbóná ṣe ń tutù àti bí àgbá tó ń jò ṣe ń gbẹ. Ó ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá tún kùnà, wọn yóò lé e, òfin wọn nìyẹn. Àfi bí àwọn olùkọ́ ṣe da iṣẹ́ sílẹ̀, tí kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọ mọ́.

Ìgbà náà ló rí ìyá arúgbó òyìnbó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ ní yunifásítì ìlú òkèèrè, tó ń fi fídíò kọ́ gbogbo ayé ní ìṣirò náà lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin náà mọ ọ̀rọ̀ í là yéni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀kọ́, ó ní ohun kan tí kì í gbàgbé láti sọ: "Ẹ dá mi dúró níbí. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ara yín ṣe é, kí n tó ṣe é."

Fadérera kò dá a dúró rí. Ẹ ṣáà mọ bí iná ṣe rí ládùúgbò wa. Ibi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì fóònù fún aráàlú ló máa ń gbé tirẹ̀ lọ, bátìrì rẹ̀ sì ti gbó, kì í pẹ́ kú. Ẹni tí bátìrì ń kú mọ́ lọ́wọ́ kì í dá olùkọ́ dúró. Ó ń wò, ó ń mirí, ó ń lọ sí èyí tó kàn.

"Fadé, mi ò rí bírò lọ́wọ́ ẹ látàárọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé ó ń yé ẹ báyìí?"

"Ó yé mi dáadáa, Màámi. Mo ti ń mọ ohun tí màmá yìí fẹ́ sọ kí wọ́n tó sọ ọ́."

Òótọ́ ló sọ. Inú ìyá dùn, ó ṣàdúrà gígùn fún òyìnbó tí kò mọ̀ rí.

Àwọn olùkọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ ìdánwò dé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní omi iyọ̀ ń wọ inú àgbá kan lókè, ó ń jò nísàlẹ̀; báwo ni iyọ̀ tó kù nínú rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó? Fadérera fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Àgbá ìyá arúgbó nì gan-an ni. Ó rántí bí obìnrin náà ṣe yà á sí apá òsì pátákó, bí ṣọ́ọ̀kì ṣe kán mọ́ ọn lọ́wọ́, bí ó ṣe wúkọ́. Ó ya àgbá náà. Ó ya omi tó ń wọlé àti omi tó ń jáde. Lẹ́yìn náà, ó dúró, ó ń retí kí obìnrin náà máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ kò mọ ibi tí yóò gbà. Nígbà tí wọ́n gba ìwé, àgbá nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ó yà á dáadáa o.

Wọ́n lé e. Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣebí o ní ó yé ẹ?"

"Ojú mi mọ̀ ọ́n, Màámi. Ọwọ́ mi ni ò mọ̀ ọ́n."

Ìyá kò bá a wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò epo rẹ̀, kò sì dáná lọ́jọ́ náà. Ó dun gbogbo wa.

Láti ìgbà náà, bí ọmọ iṣẹ́ bá ń mirí sí gbogbo ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe, tó ní òun ti mọ̀ ọ́n, tí kò sì fọwọ́ kan irinṣẹ́, àwọn àgbà yóò ní ohun tí ojú mọ̀, ọwọ́ lè má mọ̀ ọ́n. Wọn kì í pa á níwájú Fadérera. Fóònù ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí obìnrin náà bá ti ní kí wọ́n dá òun dúró, ó ń dá a dúró báyìí, yóò mú bírò, yóò sì máa ṣe é títí bátìrì yóò fi kú. Ìdáhùn rẹ̀ máa ń tọ̀nà. Kò sì sí olùkọ́ tí yóò bi í ní ìdánwò mọ́.