Orúkọ Alága Lára Ògiri
Láti ọjọ́ tí akọ̀wé Adùnbárìn ti kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé irọ́ fún Kólé, alága ìjọba ìbílẹ̀, ni wọ́n ti lé e sí yàrá ẹ̀yìn, tí ẹnikẹ́ni kì í kí i mọ́. Lọ́jọ́ kan, Alága yọjú sí i: "Kọ ìlànà ìṣàkóso rere mẹ́rin sára ògiri ìta, kí lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn para pọ̀ jẹ́ orúkọ mi. Bí o kò bá parí kí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa lónìí tó dé, máa lọ ilé ẹ." Adùnbárìn nìkan gun àkàsọ̀, ó fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan gàdàgbà: Kò sí ìpàdé bòńkẹ́lẹ́. Òtítọ́ lẹ́nu aláṣẹ. Lílo òfin bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Etí tó ń gbọ́ ti mẹ̀kúnnù. Mọ́tò àlejò ti ń wọ géètì nígbà tí Alága ka ìlà àkọ́kọ́. Ó kígbe pé, "Èwo ni ti bòńkẹ́lẹ́? Pa ìlà yẹn rẹ́ kíá!" Adùnbárìn mú àkísà. "Mo ti fẹ́ pa á rẹ́, sà. Ẹ kàn bá mi ka lẹ́tà pupa tó máa kù." Alága kà á sókè, ó ní, "Olè," ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Ìlà náà wà níbẹ̀. Àwọn àlejò ka ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Alága títí, kò sẹ́ni tó wo obìnrin orí àkàsọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọn ò ti ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé mọ́.