Àáké Tí Omi Mú Le

"Àáké tí omi mú le, oòrùn ni yóò tú u." Ẹni tó bá ti jókòó rí níbi tí àwọn àgbà ti ń parí ìjà yóò mọ òwe yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ẹnu pa á, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, àti ohun tó mú kó sọ ọ́? Ẹ farabalẹ̀ kí n rò ó fún yín.

Ní ìlú Ìdóàpá ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, níbi tí igbó ti parí tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ ní ohun kan tí wọ́n fi ń yangàn: igbó obì tó wà lẹ́yìn ilé wọn, tí àwọn baba ńlá wọn fi ọwọ́ ara wọn gbìn. Kò sí àlejò tó wọ ìlú náà tí wọn kò ní mú lọ wò ó. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bẹ̀rù fún un ni iná pápá. Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn ọkùnrin ìlú á jáde pẹ̀lú àáké, wọ́n á gé gbogbo igi tó wà láàárín ọ̀dàn àti igbó obì náà, wọ́n á ro ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, kí iná má baà rí nǹkan jẹ kọjá.

Ògúnrántí ni olórí àwọn tó ń gé igi. Ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Ibi tó bá nawọ́ sí pé kí igi wó sí, ibẹ̀ náà ni igi ń wó sí. Ó mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́ òun, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ a máa dùn bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ ìró àáké lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n sì ní, "Ti Ògúnrántí nìyẹn."

Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ̀rú fún wọn, ìyẹn igi tí ọwọ́ ń dì mú lára àáké àti ọkọ́, ni Ọnàwùnmí. Ẹgbẹ́ Ògúnrántí ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọlà fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Ọnàwùnmí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í kánjú. Bó bá gé ìta, igi líle tó fi ń gbẹ́ ẹ̀rú, láti inú igbó, orí àjà lókè ààrò ni yóò tò ó sí, èéfín yóò sì máa fa omi ara rẹ̀ mu títí igi náà yóò fi gbẹ dé inú. Ìgbà náà ni yóò tó gbẹ́ ẹ. Bó bá wá fẹ́ ti irin bọ ọ́, yóò ki ìrù àáké, ìyẹn ìdí irin tó ń wọnú ẹ̀rú, bọ iná títí yóò fi pọ́n bí ẹyin iná, yóò sì fi jó ihò sí orí ẹ̀rú, tó fi jẹ́ pé irin fúnra rẹ̀ ló ń la yàrá tí yóò máa gbé. Àáké tí Ọnàwùnmí bá tì bọ ẹ̀rú, bí a bá ṣe ń fi gégi tó ni yóò máa jókòó le tó.

Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, ẹ̀rú àáké Ògúnrántí ṣẹ́, kò sì lè ní sùúrù. Ó gé igi tútù, ó gbé e tọ Ọnàwùnmí lọ, ó ní kó gbẹ́ ẹ lójú òun. Ọnàwùnmí ní omi ṣì ń bẹ lára igi náà, kó jẹ́ kí òun gbé e sórí àjà ná. Ògúnrántí ní iṣẹ́ ni òun wá bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀wẹ̀, òun kò wá gba ìmọ̀ràn. Ọnàwùnmí bá gbẹ́ ẹ, nítorí kò fẹ́ tìtorí igi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Kò pẹ́ tí ọyẹ́ fẹ́ sí igi náà tó fi gbẹ, ihò rẹ̀ sì sán. Níbi tí Ògúnrántí ti ń gégi lọ́jọ́ kan, irin yọ kúrò lára ẹ̀rú, ó fò, ó sì bá Bámgbàlà, àbúrò rẹ̀, ní ojúgun. Ojú ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Bámgbàlà ti ń tiro.

Ní gbangba ni Ògúnrántí ti sọ pé ẹ̀rú burúkú tí Ọnàwùnmí gbẹ́ ló ṣe àbúrò òun léṣe. Kò mẹ́nu ba igi tútù. Ọnàwùnmí náà fèsì, ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo sì fẹ́ di ìjà ilé sí ilé. Àwọn àgbà ìlú dá sí i. Wọ́n gbé ẹmu kalẹ̀, wọ́n ní ahọ́n àti eyín a máa jà, kí wọ́n jẹ́ kó tán síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú u wò mọ́. Àwọn méjèèjì mu nínú igbá kan náà, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Ó dà bí ẹni pé ìjà ti parí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ẹni tó jẹ̀bi.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, wọ́n á kí ara wọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀kan kò wọ ilé èkejì mọ́. Ògúnrántí kò gbé àáké lọ sọ́dọ̀ Ọnàwùnmí, àwọn agégi yòókù sì ń wo ojú olórí wọn, kálukú bá ń gbẹ́ ẹ̀rú tirẹ̀ bó ti rí i. Bí Ògúnrántí bá rí i tí Bámgbàlà ń tiro kọjá lójúde, á yára wá nǹkan mìíràn wò.

Ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e le púpọ̀. Ètè ń là, ilẹ̀kùn ń sán, gbogbo àáké ìlú sì ń mì lára ẹ̀rú wọn bí eyín arúgbó. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ògúnrántí ní kí wọ́n kó gbogbo àáké lọ rẹ sínú odò kó di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igi ti mu omi yó, ó ti wú, gbogbo àáké sì le dan-in. Ògúnrántí mú tirẹ̀, ó jù ú sókè, ó hán an, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé wọ́n ti rí i pé odò ìlú mọ iṣẹ́ ju àwọn kan lọ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bámgbàlà kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n rí èéfín lókè ọ̀dàn, ó nípọn, ó dúdú, afẹ́fẹ́ sì ń tì í bọ̀. Iná pápá ti gbéra láti ọ̀nà jíjìn. Gbogbo wọn tẹra mọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ń ràn, ọyẹ́ ń fẹ́, omi tí àwọn ẹ̀rú mu ní òru sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, àwọn kan ti ń fi òkúta gbá irin wọn padà sínú ihò. Ògúnrántí rí wọn. Ó gbé àáké tirẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀rú lásán ló sì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Irin ti fò lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí Bámgbàlà kọjá, ó sì lọ gún ìdí igi obì kan.

Bámgbàlà tiro lọ síbi igi náà, ó fa irin yọ, ó gbé e wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀kejì rèé."

Ẹnìkan ní kí àwọn sáré kó àwọn àáké padà lọ sódò. Ohun tí Ògúnrántí fúnra rẹ̀ fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó wo èéfín, ó wo igbó obì, ó wá wo ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀, kò sì yára gbé ojú kúrò níbẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ odò bá kú sí i lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo àáké jọ kí wọ́n máa tẹ̀ lé òun.

Abẹ́ àtíbàbà iwájú ilé ni Ọnàwùnmí wà tó ń gbẹ́ igi nígbà tí wọ́n dé. Ògúnrántí kò jókòó. Ó gbé irin àáké rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ọkùnrin náà, ó sì sọ̀rọ̀ kí gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e lè gbọ́.

"Ọnàwùnmí, igi tútù ni mo gbé wá lọ́jọ́sí. O sọ fún mi, mi ò gbọ́. Èmi ni mo ṣe àbúrò mi léṣe, kì í ṣe ìwọ. Ìwọ ni mo purọ́ mọ́."

Ọnàwùnmí dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó mú irin náà, ó fi ọwọ́ pa á. Ó bojú wo àwọn àgbà méjì kan tó wà láàárín àwọn ènìyàn náà, àwọn tó gbé ẹmu kalẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Ó ní, "Àáké tí omi mú le, oòrùn ni yóò tú u. Ẹmu tí a mu lọ́jọ́sí kò pa ọ̀rọ̀ yìí, ó kàn rẹ ẹ́ ni. Èyí tó o sọ tán yìí ló parí rẹ̀."

Ló bá dìde, ó gun orí àjà. Ẹ̀rú ló ń nà sílẹ̀ fún wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, gbogbo wọn dúdú fún èéfín, wọ́n gbẹ, wọ́n ń dún bí agogo bí wọ́n bá kan ara wọn. Láti ìgbà tí ìjà ti dé ló ti ń gbẹ́ wọn. Ẹnu ya Ògúnrántí. Ó béèrè ta ló ń gbẹ́ wọn fún, nígbà tí kò sí ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọnàwùnmí dá a lóhùn pé bí òun bá ń bá ènìyàn jà, ṣé òun ń bá igbó obì jà ni?

Wọ́n dá iná. Ògúnrántí fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí ẹwìrì tó ń fẹ́ ẹ, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, Ọnàwùnmí sì ń fi ìrù irin tó pọ́n jó ihò sórí ẹ̀rú. Bí ọ̀kan bá ti parí, Bámgbàlà á gbà á, á fi gbá ìtí igi kan tó wà nílẹ̀, irin á sì tún wọlé sí i. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo irin àáké ti jókòó sínú ẹ̀rú tuntun.

Lọ́jọ́ kejì, kí àkùkọ tó dákẹ́, wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọnàwùnmí náà gbé àáké jáde lọ́jọ́ náà, ohun tí kò ṣe rí, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ Ògúnrántí. Igi ń wó, àwọn obìnrin ń gbá ewé àti ẹ̀ka kúrò nílẹ̀, oòrùn ràn títí, kò sí irin kan tó mì. Ní ìrọ̀lẹ́ ni iná dé. Ó ń bú bí ẹkùn, ó ń jẹ koríko bọ̀. Ó dé etí ilẹ̀ tí wọ́n ti ro mọ́, ó na ọrùn síhìn-ín, ó na ọrùn sọ́hùn-ún, kò rí nǹkan jẹ. Ó fà sẹ́yìn, ó rẹlẹ̀, ó kú. Lẹ́yìn wọn, igbó obì dúró bó ṣe wà, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

Ògúnrántí wo igbó náà, ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀ tí eérú bò láti orí dé ẹsẹ̀, orí rẹ̀ sì wú. Ó ti fi ara rẹ̀ yangàn lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà wọlé, tí àwọn tó wà nílé jáde wá pàdé wọn, tí wọ́n ń kókìkí rẹ̀, ó fa Ọnàwùnmí síwájú ní ọwọ́ ọ̀tún, ó fa Bámgbàlà síwájú ní ọwọ́ òsì, ó sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ wọ̀lú kí òun tó wọ ọ́.

Àwọn àgbà méjì tó gbé ẹmu kalẹ̀ ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Ọnàwùnmí káàkiri, nítorí àwọn ló kọ́kọ́ fi kọ́gbọ́n. Títí di òní, bí àwọn ará ilé kan bá ń jà, tí ẹnìkan sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun tó bà jẹ́ mọ́lẹ̀ láìsọ òtítọ́ rẹ̀, tàbí bí ẹnìkan bá ń ṣe iṣẹ́ ojú ayé níbi tó yẹ kó ti ṣe àṣejinlẹ̀, àgbà kan á mi orí, á sì ní kí wọ́n lọ gbẹ́ ẹ̀rú mìíràn: àáké tí omi mú le, oòrùn ni yóò tú u.