Ohùn Tí Ìjàpá Fi Sílẹ̀ Lára Àpáta

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Kí ló ń dáhùn láìlẹ́nu, tó ń gbọ́ láìlétí, tí ọwọ́ kankan kò sì lè mú? Ẹ má tíì dáhùn, ẹ fi í sínú ná. Àlọ́ mi jáde nílé, ó gba ẹ̀yìn odi, ó wọ igbó tí ẹyẹ kì í ké, ó lọ já lé Ìjàpá lórí níbi tó ti ń ru ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri.

Ìlú Erin àti ìlú Ẹfọ̀n jagun. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ní ọ̀sán gangan, nídìí Àpáta Ààlà. Àwọn tó kú níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó padà sílé lọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Àbàtà oníyọ̀ kan wà láàárín ìlú méjèèjì. Erin ń lá iyọ̀ níbẹ̀ ní àárọ̀, ẹfọ̀n ń lá a ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ìjà. Ní ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin erin kan tó ń jẹ́ Láníyan wọ inú àbàtà náà jìnnà ju bó ti yẹ lọ, ẹrẹ̀ sì gbé e. Àwọn ọmọ ẹfọ̀n tó wà nítòsí sáré wọlé, wọ́n ki ìwo bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé e sókè. Agbára wọn kò ká a. Ẹrẹ̀ bò ó nímú, ó kú. Nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ fà á jáde, wọ́n rí ojú ìwo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ọba Erin kì í ṣe oníkánjú. Ó ránṣẹ́ pe Ìjàpá.

Ìjàpá ni wọ́n máa ń rán. Ilé rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ Àpáta Ààlà, níbi tí ilẹ̀ Erin parí sí tí ilẹ̀ Ẹfọ̀n sì bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe erin, kì í ṣe ẹfọ̀n, ó sì gbọ́ èdè méjèèjì. Òfin tó de ikọ̀ láyé ìgbà náà kò pọ̀. Bó bá dé ààlà, kó dúró, kó kọjú sí àpáta, kó sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ketekete kí ilẹ̀ lè gbọ́. Ìlú tó bá sì dé gbọ́dọ̀ bọ́ ọ yó kó tó lanu, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó ti jẹ oúnjẹ rẹ kò lè purọ́ fún ọ.

"Ìjàpá," ni Ọba Erin wí, "lọ bá mi kí Ọba Ẹfọ̀n. Sọ pé a rí ojú ìwo lára ọmọ wa. Kó jọ̀wọ́ sọ fún wa bó ṣe jẹ́. Ìyẹn nìkan."

"Kábíyèsí, bí ẹ ti wí i ni n ó wí i."

Ìyá Láníyan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò jẹ, kò mu látìgbà tí wọ́n ti gbé òkú ọmọ rẹ̀ wọlé. Ó gbójú sókè.

"Má fi kún un o, má sì yọ níbẹ̀."

"Háà, Ìyá! Ṣé èmi?"

"Ìwọ náà ni mò ń bá wí."

Ìjàpá dé ààlà. Láyé ìgbà náà, àpáta kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó sọ iṣẹ́ náà bó ti rí. Àpáta dákẹ́. Ó kọjá.

Àwọn ẹfọ̀n gbé àsáró síwájú rẹ̀, ẹja gbígbẹ ń yọrí nínú rẹ̀, epo ń ṣàn létí àwo. Ó ti pẹ́ tí Ìjàpá ti rí irú rẹ̀. Ewé gbígbẹ ni wọ́n ń sè nílé rẹ̀. Ó jẹun títí ikùn rẹ̀ fi kan ilẹ̀, ó nu ẹnu, ó jíṣẹ́.

Omi bọ́ lójú Ọba Ẹfọ̀n. "A ò pa á o! Ẹrẹ̀ ló pa á. Àwọn ọmọ wa ló fẹ́ fi ìwo gbé e yọ. Sọ fún Ọba Erin pé à ń bọ̀ wá bá a sin òkú. Bí a bá ti sin ín, ọ̀rọ̀ tán."

Ọ̀rọ̀ tán. Gbólóhùn yìí ni kò jẹ́ kí Ìjàpá gbádùn ìrìn rẹ̀ bó ti ń padà lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá tán, àsáró tán. Ta ló ń bọ́ ikọ̀ tí kò níṣẹ́? Nígbà tó dé iwájú àpáta, ó dúró bí òfin ti wí. Ó wẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó wá dán ọ̀rọ̀ mìíràn wò lẹ́nu.

"Ọba Ẹfọ̀n ní ọ̀rọ̀ yìí gba àròjinlẹ̀. Ó ní kí àwọn erin kọ́kọ́ sọ ohun tí ọmọ wọn ń wá nínú àbàtà."

Ó dùn mọ́ ọn. Kì í ṣe èébú, kì í ṣe ìhalẹ̀. Ìdádúró lásán ni. Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ nígbà tí àpáta dá a lóhùn. Ẹ bá mi gbè é:

Ìjàpá, ta ló rán ọ?
Jìnnìjìnnì.
Ẹnu ta lo fi ń sọ̀rọ̀?
Jìnnìjìnnì.
Ohun tó o bá fi sílẹ̀ níbí,
Jìnnìjìnnì.
Kò ní bá ọ délé mọ́.
Jìnnìjìnnì.

Ohùn náà rọlẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò tí a dé lómọrí. Ohùn ara rẹ̀ ni. Ìjàpá yí àpáta náà ká, kò bá ẹnikẹ́ni. Ewé kan kò mì.

"Ebi ló ń pa mí," ló wí.

Ṣùgbọ́n ó ti yó.

Àwọn erin náà bọ́ ọ kó tó sọ̀rọ̀. Iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Nígbà tó jíṣẹ́ tán, Ọba Erin bi í.

"Ọba Ẹfọ̀n tí mo mọ̀ ló wí báyìí?"

"Kábíyèsí, mo ti jẹ oúnjẹ yín."

Kí ni ọba tún fẹ́ wí? Ìyá Láníyan ló fọhùn. "Ohun tí ọmọ mi ń wá nínú àbàtà? Iyọ̀ ni! Kí ni àwọn náà ń wá níbẹ̀?"

"Ṣé kí n bi wọ́n bẹ́ẹ̀, Ìyá?"

"Lọ bi wọ́n!"

Ìjàpá tún padà sọ́nà. Ó dì díẹ̀ nínú iyán náà lọ sílé. Àyọ̀ká, ìyàwó rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ohùn yín ti ha."

"Eruku ọ̀nà ni."

"Nígbà tí ẹ kò sí nílé, mo gbọ́ ohùn yín lókè àpáta. Mo pè yín, ẹ kò dáhùn, ẹ kàn ń sọ̀rọ̀ lọ. Àwọn ọmọ sá wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn."

"Jẹ iyán, obìnrin yìí, má yọ mí lẹ́nu."

"Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lókè yẹn, ṣé òun náà á jẹ níbẹ̀?"

Ìjàpá fa àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ó lọ, ó bọ̀. Ìdáhùn tó bá rọ̀, á fi ata sí i. Ìbéèrè tó bá kúrú, á fi ìrù sí i kó lè gùn. Ní gbogbo ìgbà tó bá dúró níwájú àpáta tó sọ ohun tí wọn kò rán an, àpáta á kọrin náà. Ohùn rẹ̀ á sì tún dín kù. Ó ha, ó wá tín-ín-rín, ó wá di ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ìyẹn pàápàá sì ṣe é láǹfààní. Àwọn àgbà ẹfọ̀n ń wo ara wọn.

"Ẹ gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń tán lọ. Kí ló rí lọ́dọ̀ àwọn erin?"

Ìjàpá á kàn mi orí. Wọ́n á tún bu àsáró sí i fún un.

Ọba Erin ránṣẹ́ sí Àgbánréré, nítorí àwọn méjèèjì ti mulẹ̀ pé bí ogun bá ja ọ̀kan, yóò ja èkejì. Ìjàpá ròyìn rẹ̀ fún àwọn ẹfọ̀n. Ọba Ẹfọ̀n ránṣẹ́ sí Ìmàdò. Ìjàpá ròyìn ìyẹn náà. Àwọn erin bẹ̀rẹ̀ sí í wó igi dí ọ̀nà. Àwọn ẹfọ̀n ń pọ́n ìwo lára òkúta. Bí o bá bi àwọn erin, wọ́n á ní ààbò lásán ni. Bí o bá bi àwọn ẹfọ̀n, wọ́n á ní ààbò lásán ni. Ìjàpá kò sì purọ́ nínú gbogbo ìyẹn. Nígbà tó yá, òótọ́ pàápàá ti ń bá irọ́ ṣiṣẹ́.

Kò sí ẹni tó tún lọ lá iyọ̀ mọ́. Òkú Láníyan ṣì wà nílẹ̀ nínú ilé. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sin ín títí tí ẹnìkan yóò fi sọ bó ṣe kú.

Ọ̀rọ̀ náà sú Ọba Ẹfọ̀n. Ní ọjọ́ kan, ó lé àwọn àgbà jáde, ó sọ fún Ìjàpá pé: "Sọ fún Ọba Erin pé kó wá pàdé mi ní àpáta lọ́la ní ọ̀sán. Òun nìkan, èmi nìkan. A ò fẹ́ ikọ̀ láàárín."

Ẹ̀rù ba Ìjàpá. Bí àwọn ọba méjèèjì bá fojú kan ara wọn, orí ta ni ọ̀rọ̀ máa já sí? Ó ronú débi àpáta. Bí òun bá sọ ọ̀rọ̀ náà di èébú ńlá, Ọba Erin kò ní jáde. Èébú ni yóò fi ránṣẹ́ padà, òun náà á sì gbé e lọ, á jẹun. Ohùn tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju ìmí lọ, ó sì fi í sọ pé:

"Ọba Ẹfọ̀n ní òun ń dúró dè yín ní àpáta lọ́la ní ọ̀sán. Ó ní kí ẹ mú ìyá Láníyan dání, kí òun lè ṣe bí ọmọ rẹ̀ ti ń ké fún un gbọ́."

Lọ́tẹ̀ yìí, àpáta kò kọrin. Ó dákẹ́ bí ẹni tó ti yó.

Ó jíṣẹ́ náà ní ààfin Erin. Wọ́n ní láti tẹ etí mọ́ ọn kí wọ́n tó gbọ́. Ìyá Láníyan gbọ́. Kò sunkún. Ó dìde, ó sì jáde. Ìránṣẹ́ kan gbé àwo kúrò níwájú Ìjàpá, bẹ́ẹ̀ iyán ṣì wà nínú rẹ̀.

"Kábíyèsí," ló fi ìmí sọ, "ẹ jẹ́ kí n mú èsì lọ."

"A ò rán ọ mọ́," ni Ọba Erin wí. "Àwa fúnra wa ni èsì."

Ìgbà yẹn ni Ìjàpá rántí ibi tí ilé rẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ àpáta ni. Àyọ̀ká wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Ó sáré. Ẹ mọ eré Ìjàpá. Kó tó dé ilé, oòrùn ọjọ́ kejì ti dé àtàrí, eruku ti bo ojú ọ̀run láti ọwọ́ òsì, níhà ilẹ̀ Erin, ilẹ̀ sì ń mì. Ọba Ẹfọ̀n ti ń bọ̀ lóun nìkan bó ti wí, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ rí eruku ilẹ̀ Erin, wọ́n tẹ̀ lé e. Eruku dìde lọ́wọ́ ọ̀tún náà.

Ìjàpá gun ẹ̀gbẹ́ àpáta, ó dúró láàárín wọn. Wọ́n dúró. Ẹnikẹ́ni kì í tẹ ikọ̀ mọ́lẹ̀. Erin wà lápá kan, ẹfọ̀n wà lápá kejì.

"Ìjàpá," ni Ọba Ẹfọ̀n pè é, "sọ iṣẹ́ tí mo rán ọ, kí gbogbo wọn gbọ́."

Ìjàpá la ẹnu. Òótọ́ ló fẹ́ sọ. Ó fẹ́ sọ pé irọ́ ni òun pa, pé ẹrẹ̀ ló pa Láníyan, pé ìwo yẹn fẹ́ gbà á là ni. Ohùn tó kù lẹ́nu rẹ̀ ti tán. Kò sí nǹkan tó jáde.

"Ẹ sọ ọ́!" Àyọ̀ká ń ké lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Bàbá, ẹ sọ ọ́, wọ́n máa pa wá o!"

Ó tún la ẹnu. Àpáta ló fọhùn.

Ohùn Ìjàpá ni, ó mọ́, ó pé, bó ti rí kó tó di ikọ̀. Ó kọjú sí àwọn erin, ó sọ gbogbo ohun tí Ìjàpá ní ẹfọ̀n wí. Ó kọjú sí àwọn ẹfọ̀n, ó sọ gbogbo ohun tí Ìjàpá ní erin wí. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ìjàpá ń fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú àpáta bí ẹni fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn erin rò pé ó ń búra ni. Níkẹyìn, àpáta sọ ti ìyá Láníyan àti igbe ọmọ rẹ̀.

Ìyá Láníyan ló kọ́kọ́ sáré. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Ọba Ẹfọ̀n ṣì ń kígbe pé "Ẹ dúró, n kò wí bẹ́ẹ̀!" nígbà tó bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Àyọ̀ká ti kó àwọn ọmọ wọ pàlàpálá ẹsẹ̀ àpáta. Ilé wọn di pẹlẹbẹ. Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, tí eruku kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí iwájú, Ìjàpá jáde sínú rẹ̀ láti pe àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ẹnu rẹ̀ ń pè wọ́n, wọn kò gbọ́. Àpáta ló bá a pè wọ́n. Àwọn ọmọ náà gbọ́ ohùn tí wọ́n ti ń sá fún látọjọ́ yìí, wọ́n sì túká sínú igbó, ìyá wọn ń wá wọn lọ.

Ìdí nìyí tí ìjàpá kò fi ní ohùn, tó sì máa ń rìn lóun nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìdáhùn àlọ́ mi, gbohùngbohùn ni. Bí ẹ bá pariwo nídìí àpáta, ohun tó dá yín lóhùn nìyẹn.

Ibí ni àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí àpáta gba ohùn mi. Bí n kò bá fi kún un, kí ohùn mi bá mi délé.

Erin àti ẹfọ̀n ṣì ń yà fún ara wọn lọ́nà. Kò tíì sí ikọ̀ kankan láàárín wọn títí di òní.