Ẹgbẹ́ Ìdájí àti Ọba Olóorun

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀ láàárín agboolé, Ìbídùn àti àwọn ọmọ yòókù yí i ká. "Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó gba orí odò kọjá, ó bà lé Àwẹ̀ró, ìyá Àjàdí.

Ní ìgbà kan rí, Erinmi jọba lórí ènìyàn àti ẹranko. Oorun ló fẹ́ràn jù láyé. Òfin rẹ̀ ni pé bí ọba kò bá tíì jí, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Oòrùn á yọ, á wọ̀, ìlú á ṣì máa hanrun.

"Ebi ò pa wọ́n ni?" Ìbídùn béèrè.

Wọ́n ń jẹun lójú àlá! Iṣu ń jẹrà lóko.

Ara Àkùkọ, ìjòyè ọba, kò gbà á mọ́. Ó kó àwọn kan jọ, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ìdájí sílẹ̀, wọ́n yọ́ sọdá odò. Àwẹ̀ró bá wọn lọ. Ó fẹ́ gbé Àjàdí, ọmọ rẹ̀ kékeré, àmọ́ ẹ̀rù bà á pé á ké, ọba á jí. Ó ní òun á padà wá mú un.

Ní òdìkejì odò, wọ́n jí ní ìdájí, wọ́n ń kí ara wọn: "Ṣé ẹ jíire?" Ayọ̀ pa wọ́n lẹ́kún.

Wọ́n fi Àkùkọ ṣe olórí, wọ́n gbé àga ńlá fún un. Kò pẹ́, Àkùkọ ní, "Bí n kò bá tíì sùn, ilẹ̀ kò tíì ṣú."

Kò sì sùn!

"Yéè!"

Ọdún ń gorí ọdún, ojú gbogbo wọn pọ́n. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ mú ọmọ mi."

Àkùkọ ní, "Ẹni tó bá sọdá ti di ti Erinmi. Kó má padà mọ́."

Àárò ọmọ kò jẹ́ kó gbọ́. Ó wọ omi, ó ń kọrin:

Àjàdí ọmọ mi o,

"Jíire, jíire!"

Ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́ o,

"Jíire, jíire!"

Ó bá a lórí ẹní. Áà! Ọmọ ti dàgbà lójú oorun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn kọjá ẹní, irùngbọ̀n ti hù. Ó fọwọ́ kàn án. Ọmọ lajú.

"Ìyá mi, ṣé ẹ jíire?"

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ẹkún náà jí ará ilé, ó jí ọ̀bọ, ó jí ọba pàápàá.

Ọba bú ramúramù: "Ta ló jí mi?"

Gbogbo ìlú dáhùn: "Ilẹ̀ ló mọ́!"

Ẹgbẹ́ Ìdájí gbọ́ ọ lókèèrè. Wọ́n wo Àkùkọ, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n sùn. Àkùkọ ké títí, kò rí ẹni dá a lóhùn. Ó ṣì ń ké ní ìdájí títí dòní.

Ẹ gbọ́ o: ẹni tó bá sá fún òfin ìkà, kó má lọ ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ má sì fi ọmọ sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí oorun má kùn mí lálẹ́ yìí.

"Ìyá Àgbà, ẹ ti ń yán!"

"Ẹ lọ sùn, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí, kó wá jí mi."